Ẹnikẹ́ni Kò Gbọdọ̀ Dá Imú Alága Lu

Òótọ́ ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Mo fi ojú mi méjèèjì búra. Bí mo bá parọ́, kí ojú òsì fọ́. Ẹ ní ojú ọ̀tún ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Òun ni mo fi ń ríran jù, mi ò sì lè sọ ara mi di afọ́jú nítorí Alága. Ẹ jẹ́ ká kúkú sọ pé púpọ̀ nínú rẹ̀ ni òótọ́. Ibi tí mi ò sí, ògiri ló sọ fún mi. Ibi tí ògiri ò sì ti gbọ́ dáadáa, mo bá a parí ọ̀rọ̀ náà síbi tó yẹ kó parí sí. Torí irú nǹkan báyìí ni èmi àti ilé ìwé ṣe tètè dágbére fún ara wa.

Ìlú wa ní Alága kan. Ẹ má pè é ní Alága lásán o! Orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ni Alága Àgbà, Atúnlùúṣe, Òpó Tó Gbé Ìlú Ró, Baba Àwọn Tó Ní Baba Àtàwọn Tí Ò Ní. Gbogbo ìgbà ni wọ́n ń fi nǹkan kún un. Bí ọ́fíìsì rẹ̀ bá gbiná, iná á ti jó dé àjà kí ẹni tó wá sọ fún un tó pe orúkọ rẹ̀ tán.

Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ wúkọ́. Bó bá wúkọ́, àwọn tó jókòó á dìde. Bó bá tún wúkọ́, àwọn tó dìde á rẹ́rìn-ín músẹ́. Bó bá wá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, Akọ̀wé Ìgbìmọ̀ á ké pé, "Ọ̀rọ̀ ńlá rèé, sà!" nígbà tí ọkùnrin náà ò tíì sọ nǹkan kan.

Akọ̀wé yìí fúnra rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti tẹ̀ síwájú láti ara ìtẹríba, bí igi tí atẹ́gùn ń fẹ́ láti apá kan ṣoṣo. Bí Alága bá sín, á pàtẹ́wọ́. Bí Alága bá sùn lọ níbi ìpàdé, á fi ìka kan ètè, á ní, "Ẹ rọra o, wọ́n ń ronú nípa yín."

Ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì wọn ná, kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi.

Àǹtí mi ń ṣe ìṣù èédú lẹ́yìn ilé iṣẹ́ àwọn tó ń la pákó. Ìdọ̀tí ni òun àtàwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń ṣe é, kì í ṣe igi. Wọ́n á gbá lẹ́búlẹ́bú pákó tí ayùn dà sílẹ̀, wọ́n á bẹ àwọn eléèédú fún èérún tó kù sí ìsàlẹ̀ àpò, wọ́n á sì rẹ ìwé àlòkù àti páálí sínú dúrọ́ọ̀mù omi títí á fi di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Wọ́n á po gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ sítáàṣì tí wọ́n fi ń lọ aṣọ, wọ́n á kó o sínú agolo irin, wọ́n á wá fi ẹ̀rọ ìtẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí omi á fi sá jáde lára rẹ̀. Ìṣù tó bá bọ́ sílẹ̀ á tóbi tó ìkúùkù ọkùnrin méjì, ihò kan á sì wà ní àárín rẹ̀ gangan. Wọ́n á sá a sínú oòrùn títí tó fi máa ró kóń bí wọ́n bá kàn án.

Ihò yẹn kì í ṣe oge o. Ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà wọlé, ibẹ̀ ni iná ń gbà gòkè. Ìṣù èédú tí ò ní ihò dà bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ dí nímú: á máa rú, á máa kọ hà-hà, kò ní jó.

Géètì ilé ni wọ́n fi ṣe ẹ̀rọ ìtẹ̀ náà. Nígbà tí ọkọ àǹtí mi kú, tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ wá kó gbogbo ẹrù lọ, géètì nìkan ni wọn ò rí gbé, torí ó wúwo. Àǹtí mi pe wẹ́dà àdúgbò, ó nawọ́ sí géètì, ó ní, "Gé e." Láti ìgbà náà ni ewúrẹ́ ti ń wọ ilé wọn bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n irin yẹn náà ló ń bọ́ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀. Bí ẹ̀rọ náà bá lọ pẹ́nrẹ́n, oúnjẹ lọ nìyẹn.

Ẹ má retí pé kí n sọ fún yín pé onírẹ̀lẹ̀ ni àǹtí mi. Ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn àwọn tó ń la pákó lọ, kì í sì í dákẹ́ bí iná bá lọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Mínísítà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìdáná sọ lórí rédíò pé òun gbọ́ pé àwọn obìnrin ìlú wa ń sọ ìdọ̀tí di iná, pé iná ọ̀hún ò sì ní èéfín. Ó ní òun ń bọ̀ wá fojú ara òun rí i. Alága ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́. Ó sáré jáde tòun ti ọṣẹ lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Ta ló ń sọ ìdọ̀tí di iná nínú ìlú mi tí mi ò mọ̀?"

"Ẹ̀yin ni, sà," Akọ̀wé dáhùn.

"Èmi?"

"Ẹ̀yin náà ni, sà. Ẹ kàn gbàgbé ni. Ọgbọ́n yín ti kún jù, ó ń dà sílẹ̀ lójú ọ̀nà, àwọn obìnrin kan ló ṣà lára rẹ̀."

Alága wúkọ́. Ọṣẹ ta sí Akọ̀wé lójú, ó sì dúpẹ́.

"Mo rántí," ni Alága wí.

Lọ́jọ́ kejì, ó dé ọgbà àǹtí mi pẹ̀lú èrò lẹ́yìn. Ẹnì kan ń bá a gbé agboòrùn, ẹnì kan ń bá a gbé àga, ẹnì kan sì ń bá a gbé ojú rẹ̀, ìyẹn fọ́tò rẹ̀ ńlá kan, kí àwọn tí ò bá rí i níwájú lè rí i lẹ́yìn.

"Ẹ kú iṣẹ́ mi," ló fi kí wọn. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa o: kò kí wọn kú iṣẹ́ wọn. "Ẹ̀yin obìnrin rere, mo dúpẹ́ pé ẹ bá mi tọ́jú ohun tí mo dá sílẹ̀. Láti kékeré ni mo ti máa ń dúró ti òkìtì ìdọ̀tí, tí mo sì máa ń sọ fún un pé, 'Ìwọ ìdọ̀tí, má sọ̀rètí nù, ọjọ́ rẹ ń bọ̀!'"

"Ìdọ̀tí sì gbọ́, sà!" Akọ̀wé ké.

Àǹtí mi fi ọwọ́ dúdú méjèèjì lé ìbàdí. "Alága, èyí tó wà níwájú ilé ìwòsàn láti ọdún tó kọjá, ṣé òun náà gbọ́? Torí a ò tíì rí i kó dìde."

Àwọn obìnrin yòókù gbé ojú wọn sínú dúrọ́ọ̀mù kí ẹ̀rín má baà tú wọn láṣìírí.

"Obìnrin yìí ní ẹnu," ni Alága wí.

"Òun ni mo fi ń fẹ́ná, sà."

Alága bá na ọ̀pá rẹ̀ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀. Ó ní láti òní lọ, ojú òun ni yóò máa wà lára ìṣù kọ̀ọ̀kan, torí ẹni tó ń dáná yẹ kó mọ ẹni tó ń bá òun dáná. Ó ní gbọ̀ngàn Ìgbìmọ̀ ni wọn yóò ti máa ṣe é títí Mínísítà á fi dé. "Bí inú Mínísítà bá dùn, ẹ̀rọ yìí á padà wá, ẹ ó sì máa bá iṣẹ́ mi lọ. Bí inú wọn ò bá dùn, ẹ̀rọ di ti Ìgbìmọ̀, ọgbà yìí á sì di ibi ìgbafẹ́. A ó gbé ère mi sí àárín rẹ̀."

Ìgbà yẹn ni ohùn àǹtí mi kọ́kọ́ rọ̀. "Sà, ẹ má bínú. Ohun tí mo fi ń bọ́ ọmọ nìyẹn."

"Nígbà náà, máa gbàdúrà kí inú Mínísítà dùn."

Àwọn akọ̀wé kéékèèké tó so táì mọ́rùn kó bo ẹ̀rọ náà, wọ́n mí kanlẹ̀, kò mì. Wọ́n bẹ àwọn obìnrin pé kí wọ́n ran àwọn lọ́wọ́. Ẹ wo ayé! Àǹtí mi fi èjìká ara rẹ̀ gbé ohun ìní rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹni tó ń gbà á.

Wẹ́dà kan náà ni wọ́n pè pé kó fi irin ya ojú Alága sí ìdí agolo. Alága jókòó níwájú rẹ̀, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní kó dín ẹ̀rẹ̀kẹ́ kù. Ó ní kó mú irun iwájú tó ti lọ padà wá. Ó ní kó fi ọgbọ́n kún ojú. "Irin wo ni wọ́n fi ń ṣe ìyẹn, sà?" ni wẹ́dà bi í. Nígbà tí iṣẹ́ parí, wọ́n gbé e fún ìyàwó Alága wò. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní, "Ó rẹwà o. Ta ni?"

Wọ́n tẹ ìṣù àkọ́kọ́. Gbogbo Ìgbìmọ̀ dìde dúró. Alága gba ìṣù náà, ó gbé e sókè síwájú fèrèsé kó lè rí ara rẹ̀ dáadáa, ló bá rí igi tó wà níta, ẹyẹ kan sì bà lé e. Láti inú imú ara rẹ̀ ló ti rí ẹyẹ náà.

Ẹ rántí pé àárín ni ihò ń wà. Kí ló sì wà ní àárín ojú èèyàn?

"Ta ló dá mi nímú lu?" Igbe náà mú kí ẹyẹ fò lọ.

Wọ́n pe ìpàdé pàjáwìrì lórí imú. Ẹnì kan ní kí wọ́n sún ihò náà sí ẹnu. Alága ní á dà bíi pé òun ń pariwo. Wọ́n ní kí wọ́n sún un sí ojú. Ó ní ṣé wọ́n fẹ́ fọ́ òun lójú ni? Ẹnì kan tí ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní kí wọ́n kúkú mú ojú Alága kúrò, kí wọ́n fi ihò sílẹ̀. Wọn ò tún rí ọmọ náà ní ọ́fíìsì mọ́. Níkẹyìn, Akọ̀wé dìde, ó tẹ̀, ó ní, "Sà, ohun tí ojú yín bá wà lára rẹ̀, ṣé ó tún nílò atẹ́gùn? Òkìkí yín nìkan tó láti gbé iná." Àtẹ́wọ́ sọ. Bí wọ́n ṣe pa ihò rẹ́ nìyẹn.

Kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má baà yún un, wọ́n ṣe òfin, Akọ̀wé sì kà á sókè pé: "Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá imú Alága lu, tàbí ibikíbi lára àwòrán rẹ̀. Ará ìlú tó bá ṣe é, ọgbà tàbí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ di ti Ìgbìmọ̀. Òṣìṣẹ́ Ìgbìmọ̀ tó bá ṣe é, láti orí ẹni tó kéré jù dé orí ẹni tó ga jù, kó kúrò nípò lọ́jọ́ náà gan-an, kò sí ẹ̀bẹ̀."

Akọ̀wé ò ní nǹkan kan lọ́kàn tó fi fi "dé orí ẹni tó ga jù" sí i. Ó kàn dùn létí ni. Alága náà gbádùn rẹ̀, ó ní kó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló buwọ́ lù ú, ìbuwọ́lù tó gba ìdajì ìwé.

Ọwọ́ wolé-wolé kan ni wọ́n fi òfin náà lé, ọkùnrin kan tí gbogbo ìlú ń pè ní Ìwé-Ló-Wí. Ọkùnrin yìí kì í jà, kì í bínú, kì í sì í ronú. Ó ti mú ìyá ara rẹ̀ rí nítorí garawa omi tí kò ní ìdérí. Nígbà tí ìyá náà ń sunkún pé, "Èmi tí mo bí ọ?", ó ní, "Ìwé ò yọ ẹni tó bíni sílẹ̀, mà."

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn. Alága ní òun ò lè fi ìdọ̀tí ṣe ojú òun, kí wọ́n lo ìwé tuntun. Wọ́n já ìwé tuntun, funfun báláú. Akọ̀wé wá rántí pé ìdọ̀tí ni Mínísítà fẹ́ rí. Ìgbìmọ̀ ronú, wọ́n sì rí ọ̀nà àbáyọ: wọ́n tẹ́ ìwé tuntun náà sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n yan àwọn òṣìṣẹ́ láti máa fi bàtà ẹlẹ́rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kọjá láti àárọ̀ títí di ìgbà tí ọ́fíìsì á fi tì. Bí ará ìlú bá wá bèèrè nǹkan, wọ́n á ní, "Ẹ padà wá lọ́la, a ń dọ̀tí ìwé lọ́wọ́."

Wọ́n kó ìṣù àkọ́kọ́ sínú oòrùn. Bó ṣe ń gbẹ, ojú Alága bẹ̀rẹ̀ sí í sán, ó hunjọ, ó wá dà bí ojú rẹ̀ gan-an. Alága ní oòrùn ń bú òun. Ó pàṣẹ pé abẹ́ òrùlé ni kí wọ́n ti máa gbẹ. Wọ́n gbé tábìlì jáde, wọ́n to ojú Alága kún gbọ̀ngàn láti ògiri dé ògiri, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń fi páálí fẹ́ wọn. Òkè gbẹ díẹ̀, inú tutù rinrin. Wọ́n wá fi ọ̀dà tó ń dán kùn wọ́n, kí ara Alága lè máa kọ mànà.

Àǹtí mi lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, mo fi ọmọ mi bẹ̀ yín. Nǹkan yìí ò ní jó. Kò ní ihò, kò gbẹ, ẹ tún fi ọ̀dà dí ìyókù."

"Ìyá, ohun tí ojú Alága wà lára rẹ̀, ta ni ò ní jó fún?"

"Ẹ̀rọ mi ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún o."

"Ẹ tẹ̀ síbí kẹ́ ẹ tó lọ," ni Akọ̀wé wí, ó sì nawọ́ sí ìwé funfun tó wà lẹ́nu ọ̀nà. "Bàtà yín dọ̀tí dáadáa."

Ọjọ́ pé. Pápá iwájú gbọ̀ngàn kún. Wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì pupa, wọ́n gbé àdògán irin kan tí iwájú rẹ̀ ṣí sí àárín, wọ́n gbé ìkòkò omi kà á, ojú Alága sì ń dán láti ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó ń wo èrò. Wọ́n gbé ẹ̀rọ àǹtí mi sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, wọ́n fi rìbọ́nnì dì í bí ẹrù ìyàwó. Àǹtí mi dúró níwájú pátápátá, kò mójú kúrò lára rẹ̀.

Mínísítà sọ̀ kalẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ó sì ń rìn bí ẹni tó gbé ìkòkò sórí iná nílé.

Alága wúkọ́. Èrò dìde. Ó tún wúkọ́. Èrò rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mínísítà wa ọ̀wọ́n! Kí iná tó dé ayé, ọgbọ́n ti wà. Kí ọgbọ́n tó dé, mo ti wà lọ́nà!"

"Ẹ ti wà lọ́nà, sà!"

"Mo rí ìdọ̀tí, mo sunkún. Ìdọ̀tí rí mi, ó sunkún. Àwa méjèèjì di ara wa mú..."

"Ẹ ṣeun gan-an, sà," ni Mínísítà wí. "Ẹ jẹ́ ká rí i kí omi hó."

Alága fúnra rẹ̀ ṣá ìṣáná. Wọ́n ti rọ kẹrosíìnì sí i, iná sọ fùú, inú Alága dùn, kẹrosíìnì tán, iná kú. Èéfín ló wá dé. Èéfín ọ̀hún nípọn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àwọn tó wà níwájú ò rí àwọn tó wà lẹ́yìn, ọ̀dà sì ń rùn bí rọ́bà tó ń jó. Ojú Alága tó wà lábẹ́ ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í wú roro, ìpéǹpéjú sì ń yọ̀ sílẹ̀ lọ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Èéfín ọlá ni, mà," Akọ̀wé wí, ó ń wúkọ́.

"Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń sunkún."

"Ayọ̀ ni, mà."

"Ayọ̀ yìí ń wọ̀ mí lọ́fun o. Níbo ni ihò rẹ̀ wà? Wọ́n ní èyí tí àwọn obìnrin ń ṣe ní ihò."

Alága na àyà. "Ti àtijọ́ nìyẹn, mà. Èyí ti kọjá ihò."

"Kò tíì kọjá èéfín, sà. Ẹ dá a lu kí n wò ó. Bí kò bá jó, màá wọ ọkọ̀ mi padà, màá sì lọ sọ lórí rédíò pé kò sí nǹkan kan níbí."

Alága yíjú. "Akọ̀wé. Dá a lu."

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́, ẹ̀yìn Akọ̀wé nà gbọnrangandan. "Imú yín, sà? Mo ní ìyàwó nílé, sà."

"Awakọ̀!"

"Ọkọ̀ ni mo máa ń wà, sà. Mi ò wa imú rí."

Ó wo àwọn akọ̀wé kéékèèké. Gbogbo wọn ń wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń retí òjò. Ó wo ẹ̀gbẹ́ àdògán, Ìwé-Ló-Wí dúró síbẹ̀, ìwé lọ́wọ́, fèrè lẹ́nu. Ojú rẹ̀ wá bà lé àǹtí mi.

"Ìwọ ìyá yìí! Iṣẹ́ rẹ ni. Ó yá, wá dá a lu."

Wọ́n ti na ọ̀pá irin sí i. Bí àǹtí mi bá gbà á, iná lè jó, Mínísítà lè yọ̀, ẹ̀rọ lè padà. Ṣùgbọ́n ó wo fèrè tó wà lẹ́nu Ìwé-Ló-Wí.

"Sà," ló wí, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀, "bí mo bá dá a lu, wolé-wolé yìí á gba ọgbà mi. Bí mi ò bá dá a lu, ẹ̀yin á gba ẹ̀rọ mi. Níwájú òkúta, lẹ́yìn òkúta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ni imú ni kó fún un ní ihò."

Mínísítà gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá. Awakọ̀ rẹ̀ ṣílẹ̀kùn ọkọ̀.

"Kí ni imú kan já mọ́!" Alága já irin gbà, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì fi gún ara rẹ̀ nímú.

Irin wọlé wọ̀ọ̀, torí inú ìṣù náà ṣì tutù. Ó fà á yọ. Ẹ̀yin ará mi! Pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ dúdú yọ orí láti ihò imú Alága. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó fà, ó gùn, ó sọ̀ kalẹ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ dé ètè òkè, ó dúró síbẹ̀ bí ikun ọmọ tí ìyá rẹ̀ ò sí nílé. Akọ̀wé gbàgbé ibi tó wà. Ohun tó ti mọ́ ọn lára ló ṣe é: ó yọ áńkáṣífù, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó sì fọn ikun fún ìṣù èédú. Ó jó o lọ́wọ́.

Pápá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ga ju èéfín lọ. Àwọn kan jókòó sílẹ̀, àwọn kan di ara wọn mú, ọlọ́pàá kan yọ fìlà rẹ̀ bo ẹnu, àwọn èwe ń fi ọwọ́ fọn imú fún ara wọn: "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà! Ẹ pẹ̀lẹ́, sà!"

Fèrè dún láàárín rẹ̀. Fíín!

"Ẹ dúró bẹ́ẹ̀, sà," ni Ìwé-Ló-Wí wí. Ó ṣí ìwé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń ka orúkọ oògùn.

"Wèrè ni ọ́?" Alága ké. "Èmi ni mo ni imú!"

"Ìwé ò sọ ẹni tó ni ín, sà. Ẹni tó dá a lu ló sọ."

"Èmi ni mo ṣe òfin!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Òfin náà dára gan-an, sà. Mo ti wá ibi tí èèyàn lè gbà bọ́ nínú rẹ̀, mi ò rí."

Mínísítà gba ìwé náà, ó nu ojú, ó kà á. "'Dé orí ẹni tó ga jù.' Ìbuwọ́lù ta nìyí?"

"Tèmi ni, mà, àmọ́ mo bẹ̀ yín..."

"Ó ní kò sí ẹ̀bẹ̀. Àlejò lèmi, sà. Mi ò lè wọ ìlú onílùú kí n wá máa rú òfin wọn." Ó dá ìwé padà fún Ìwé-Ló-Wí, ó sì wo inú ìkòkò. Omi tutù bí omi odò. "Ṣé ẹ̀yin obìnrin tí rédíò sọ nípa wọn wà níbí, àbí mo wá lásán?"

Àǹtí mi ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ti rán ẹnì kan sáré lọ sí ọgbà, níbi tí ìyókù ìṣù wọn wà lábẹ́ ọ̀rá, àwọn tó ti gbẹ kí wahálà tó dé. Wọ́n kó ojú Alága jáde nínú àdògán, wọ́n to tiwọn sí i. Ìṣáná kan. Iná gba inú ihò gòkè, ó pọ́n, ó dúró, kò rú èéfín kan. Omi hó. Mínísítà ní kí wọ́n wá tíì fún òun, ó mu ún lórí ìdúró, ó rẹ́rìn-ín.

"Inú wọn dùn!" àǹtí mi ké. "Gbogbo yín ẹ jẹ́rìí o! Inú wọn ti dùn! Ẹ gbé ẹ̀rọ mi padà."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ pe ìpàdé lórí rẹ̀," ni Akọ̀wé bẹ̀rẹ̀.

"Ìpàdé kí ni?" ni Mínísítà bi í, tíì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn akọ̀wé kéékèèké bọ́ sílẹ̀, wọ́n tú táì. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn obìnrin káwọ́ lẹ́yìn, wọ́n ń wò wọ́n. "Ẹ gbé e láti ìdí," ni àǹtí mi ń wí. "Ẹ má jẹ́ kó ha yín lẹ́sẹ̀. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ ọ́fíìsì." Kí oòrùn tó wọ̀, ẹ̀rọ ti wà ní ọgbà, àwọn obìnrin ti ha ọ̀dà kúrò lára gbogbo ojú Alága, wọ́n sì ti rẹ wọ́n sínú dúrọ́ọ̀mù. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló kọ́kọ́ rọ̀.

Akọ̀wé ló wà lórí àga Alága báyìí, títí wọ́n á fi yan ẹlòmíràn. Ògiri sọ fún mi pé ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wúkọ́.

Ó ku ohun kan. Ibi tí mo ti parọ́ kì í ṣe imú, kì í ṣe ìwé tí wọ́n dọ̀tí, kì í sì í ṣe áńkáṣífù. Ẹ̀rín ni. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín ní pápá náà lọ́jọ́ yẹn. Gbogbo wa rí ikun náà, gbogbo wa gbé e mì. Ẹ̀rù ń bà wá, torí a ò tíì mọ̀ bóyá ọkùnrin náà ti ṣubú tàbí ó kàn bẹ̀rẹ̀ ni. Ọlọ́pàá tí mo ní ó fi fìlà bo ẹnu, ikọ́ ló ń wú. Nígbà tó fi máa dá wa lójú pé ó ti ṣubú, kálukú ti délé, ó ti tilẹ̀kùn, ó sì ń rín in sínú ìrọ̀rí. Èmi ni mo kó ẹ̀rín náà jọ láti ilé dé ilé, mo dà á sí pápá, torí ibẹ̀ ló yẹ kó wà.